Ọdún Tí A Lé Òwìwí Kúrò Nínú Àká

Èmi ò mọ ẹni tó ní kí wọ́n máa kọ́ ọmọ Kétu ní ẹ̀kọ́ yìnyín. Lọ́jọ́ kan báyìí, Ìbùkún, ọmọbìnrin mi, ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kò tilẹ̀ tíì bọ́ bàtà, ó ní, "Màmá, kí ló ń jẹ lẹ́míǹgì ní túndírà?" Mo ń fẹ́ iná lọ́wọ́, èéfín kún mi lójú, àbúrò rẹ̀ ń ké lẹ́yìn mi, ọbẹ̀ ilá sì fẹ́ hó dànù. Mo ní, "Èmi ni mò ń jẹ ẹ́. Lọ bọ́ aṣọ ilé ẹ̀kọ́." Kò lọ. Ó dúró, ó ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Mo sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Òwìwí funfun ló ń jẹ ẹ́, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà ń jẹ ẹ́. Mo ti gbàgbé ìṣirò tó gbé mi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo ti gbàgbé orúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì, ṣùgbọ́n eku kékeré kan tí n kò rí rí, tí n kò sì ní rí títí n ó fi kú, òun kò kúrò lórí mi. Ìwé kan náà ni wọ́n ṣì ń lò. Àwòrán kan náà ló wà níbẹ̀: ilẹ̀ funfun gbalasa níbi tí òtútù kì í jẹ́ kí igi hù, ẹranko oníwo bí ẹ̀ka igi tó tẹrí ba tó ń jẹ èéhù, ìkookò tó ń ṣọ́ ọ, òwìwí lókè. Mo wo àwòrán náà, ọkàn mi sì padà sí agboolé wa lọ́nà Odomèta, sí ọdún tí Mètìrì, olùkọ́ wa, gba yàrá lọ́dọ̀ wa.

Agboolé wa kì í dákẹ́. Ìgbálẹ̀ Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń jí àkùkọ, kì í ṣe àkùkọ ló ń jí Ìyá àgbà. Ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́, láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé ìdí igi máńgòrò, kí ojú tó mọ́, pẹ̀lú ìráhùn lórí ẹni tó ju èèpo ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, lórí ewúrẹ́, lórí ewé tó ń já bọ́ láìgba àṣẹ. Bí ó bá gbálẹ̀ tán, odó ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí dún, bàbá mi á wúkọ́, á máa pọ́n ọkọ́ rẹ̀ lára òkúta, èmi á gbé garawa lọ sí ìdí fáńpù kí ìlà tó gùn. Ẹ̀kọ gbígbóná là ń mu láàárọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọkà àti ọbẹ̀ ilá ni, nígbà mìíràn gbúre, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ bí ọjà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Àgbàdo ni gbogbo rẹ̀. Àgbàdo là ń jẹ, àgbàdo ni ewúrẹ́ ń jí, àgbàdo ni adìyẹ ń ṣà lẹ́yìn wa. Ṣùgbọ́n oríṣi kan wà tí kì í ṣe ti gbogbo ayé. Àgbàdo funfun Ìyá àgbà ni. Hóró rẹ̀ kò tóbi, ó le bí òkúta, ẹ̀kọ rẹ̀ sì máa ń dán bí ẹ̀yìn àwo. Ìyá rẹ̀ ló fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì ti fún ìyẹn. Ọdọọdún ló ń gbìn ín sórí ilẹ̀ tirẹ̀, tó ń ṣa ọmọ àgbàdo tó dára jù, tó ń so háhá wọn pọ̀ ní méjì-méjì, tó ń fi wọ́n kọ́ sábẹ́ òrùlé àká títí òjò yóò fi tún rọ̀.

Àká náà wà láàárín agboolé, ilé kékeré tí a fi ọ̀pá hun, tó dúró lórí ẹsẹ̀ igi, tó fi koríko borí bí obìnrin tó wé gèlè ńlá. Kò sí ẹni tó ń gùn ún àfi Ìyá àgbà. Ìyá mi ti bí gbogbo ọmọ tó bí sínú ilé yẹn, kò gun àká rí. Ìsàlẹ̀ ló ń dúró sí, á máa gbé agbọ̀n sókè fún ìyá ọkọ rẹ̀. "Ẹni tó bá jẹ irúgbìn ti jẹ ọmọ ọmọ rẹ̀," ni Ìyá àgbà máa ń wí láti òkè níbẹ̀, bí ẹni pé ìyá mi ti lanu sílẹ̀. Ìyá mi kì í dáhùn. Òun ló kọ́ mi pé èèyàn lè fi ẹ̀yìn nìkan bínú. Nínú àká yìí kan náà ni òwìwí kan ń gbé. Ihò kan wà lábẹ́ koríko, níhà ìwọ̀ oòrùn, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé, tó ń gbà jáde, pẹ̀lú ojú funfun bí ojú ẹni tó kun ẹfun. Gbogbo ọmọ Kétu ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹyẹ yẹn. A kì í dárúkọ rẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ìyá àgbà pàápàá kì í pè é ju "ẹyẹ yẹn" lọ. Ọ̀rẹ́ kọ́ ni wọ́n. "Kò bá mi jà, n kò bá a jà," ló máa ń sọ. "N kì í kí i, òun náà kì í kí mi." Láràárọ̀, ó ń gbá ohun dúdú roboto kan tí ẹyẹ náà ń jù sílẹ̀ nísàlẹ̀ àká, ìdì kékeré tó tó àtàǹpàkò ọkùnrin, á dà á sórí ààtàn pẹ̀lú ìgbẹ́ ewúrẹ́, ó tán.

Mètìrì wá dé. Mètìrì là ń pe gbogbo olùkọ́, ṣùgbọ́n èyí ni tiwa, nítorí ó ń sùn sílé wa. Ọmọ Pobè ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tínínrín, tí ẹ̀wù rẹ̀ máa ń gún régé, tó ń gbàdúrà sókè kó tó jẹun àti lẹ́yìn tó bá jẹun tán. Kíláàsì wa ló ń kọ́, kíláàsì tí a ti ń ṣe ìdánwò wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bàbá mi, tí kò lọ sílé ẹ̀kọ́ ju ìgbà tó lọ gbé ìjókòó wọn, fún un ní yàrá tó dára jù, èyí tó kọjú sí àká. Ẹran tó bá tóbi nínú ọbẹ̀, ti Mètìrì ni. "Ẹ jẹun, Mètìrì. Ẹ fi kún un." Èmi tó bí nínú ara rẹ̀ ń fi omi ọbẹ̀ jẹ ọkà! Mo mọ̀ báyìí pé nítorí tèmi ni. Ó fẹ́ kí n yege. Ṣùgbọ́n ikùn ọmọdé kò mọ ìdánwò.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nínú ọyẹ́, Mètìrì ya túndírà sára tábúlò, pátákó kíláàsì. Ó rọrùn fún un, ẹfun ìkọ̀wé funfun ni, ilẹ̀ náà sì funfun. Ó ní koríko kúkúrú àti èéhù ara òkúta ló wà nísàlẹ̀ gbogbo nǹkan, àwọn ló ń fi oòrùn se oúnjẹ ara wọn. Lẹ́míǹgì, ehoro àti ẹranko oníwo bí ẹ̀ka igi ń jẹ wọ́n, àwọn wọ̀nyí ni ajẹun àkọ́kọ́. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ìkookò àti òwìwí ń jẹ àwọn ajẹun àkọ́kọ́, àwọn ni ajẹun kejì. "Ẹ yọ ọ̀kan kúrò, ẹ wò ó," ló wí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nu òwìwí rẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí ya lẹ́míǹgì, ó ń ya lẹ́míǹgì lé lẹ́míǹgì, títí tí kò fi sí koríko tó kù lára tábúlò. "Ẹ rí i?" "A rí i, Mètìrì!" Mo na ọwọ́. Mo ní, "Mètìrì, òwìwí tó wà nínú àká wa ńkọ́? Ṣé ajẹun kejì ni?" Mètìrì wo ojú fèrèsé bí ẹni pé ẹyẹ náà lè máa gbọ́. Ó ní, "Jókòó. Èyí tí mò ń sọ funfun. Ti túndírà ni, eku ló ń jẹ. Tiwa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé." Mo jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè wa nígbà yẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń dáhùn ti Ìbùkún.

Ní ìrọ̀lẹ́, bí a ti ń họ ẹ̀gẹ́, mo ròyìn ilẹ̀ òtútù náà fún Ìyá àgbà.

"Kí ni wọ́n ń gbìn níbẹ̀?"

"Wọn kì í gbin nǹkan kan, Ìyá àgbà. Ilẹ̀ dì."

"Kí ni wọ́n wá ń jẹ?"

"Ẹranko."

"Kí ni ẹranko ń jẹ?"

"Èéhù ara òkúta."

Ó họ ẹ̀gẹ́ kan tán pátá kó tó sọ̀rọ̀. "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n rán Mètìrì lọ síbẹ̀. Ó fẹ́ràn ẹ̀kọ jù."

Ohun tó dé bá wa lẹ́yìn ìyẹn ṣì ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí kò sí òmùgọ̀ kan nínú gbogbo wa. Ìyàwó Mètìrì wà ní Pobè, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù tí wọ́n ń retí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mètìrì jáde pẹ̀lú kẹ́ẹ̀tù omi ìwẹ̀, ó rí ìdì dúdú kan nísàlẹ̀ àká kí Ìyá àgbà tó gbá débẹ̀. Ó fi igi tú u. Irun ló wà nínú rẹ̀, àti egungun wẹ́wẹ́, àti orí kékeré kan pẹ̀lú eyín: ìyókù eku tí ẹyẹ náà bì, mo mọ̀ báyìí. Ó kígbe. "Bàbá! Ẹ wá wo nǹkan! Wọ́n ti di oògùn sínú ilé yín!" Bàbá mi sáré dé, ó wò ó, ó fà sẹ́yìn. Ìyá mi fa èmi náà sẹ́yìn. Ìyá àgbà nìkan ni kò sáré. Ó fara ti ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ìgbẹ́ ẹyẹ yẹn ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbá a."

"Ìyá, ìgbẹ́ kì í ní egungun nínú."

"Ti ajá máa ń ní in."

Ìyá mi yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Mètìrì kò rẹ́rìn-ín rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, omi ń dà nínú kẹ́ẹ̀tù. Ó ní, "Ìyá, ìyàwó mi wà nínú oyún. Láti ìjẹta ni ẹyẹ yẹn ti ń ké lẹ́yìn fèrèsé mi. Ẹ̀yin àgbà lẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́." Kò sí ẹni tó ń fi aboyún ṣàwàdà nílé wa. Mo ti gbé oyún báyìí, mo mọ irú ẹ̀rù yẹn, ó ń wọ inú eegun. Bí òwìwí bá ké lẹ́yìn ilé mi nígbà tí mo wà nínú oyún Ìbùkún, ǹ bá ti bá a wí, ǹ bá tún ju òkúta kún un. N kò lè bú Mètìrì nítorí ẹ̀rù. Àmọ́ ọwọ́ yẹn, ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn, òun náà ló nu òwìwí rẹ́ lára tábúlò kó lè kọ́ wa ní ohun tí yóò ṣẹlẹ̀! Ìgbàkígbà tí mo bá rántí, mo máa ń pòṣé. Bàbá mi ní, "A máa lé e, Mètìrì. Òní kò ní ré kọjá." Ìyá àgbà sọ ìgbálẹ̀ kalẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé, "Ẹ má fọwọ́ kan àgbàdo mi."

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi da ata gbígbẹ sórí ẹyín iná nínú ìkòkò fífọ́, ó gbé e sábẹ́ àká. Agboolé di ikọ́. Ewúrẹ́ wúkọ́, adìyẹ wúkọ́, aládùúgbò bú wa láti ẹ̀yìn ògiri. Òwìwí náà jáde. Kò dún, ìyẹ́ rẹ̀ kò dún, ó kàn yọ bí aṣọ tí wọ́n fà jáde nínú ihò. Ó bà sórí koríko, ó yí ojú ẹfun rẹ̀ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gba ojú ọ̀nà Kpankou lọ, níbi tí àwọn ọ̀pẹ wà. Bàbá mi gun àkàbà pẹ̀lú amọ̀, ó di ihò náà pa. Mètìrì gbàdúrà, a ṣe àmín pẹ̀lú omijé ata. Kò pẹ́ sí i, ìròyìn dé láti Pobè pé ìyàwó rẹ̀ ti bí ọmọkùnrin, tìyá-tọmọ wà láyọ̀. Mètìrì ra bisikíìtì fún gbogbo kíláàsì. Bàbá mi ń rìn nínú agboolé bí ẹni tó ti ogun bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ ní nǹkan láti sọ nípa òwìwí, ta ló máa bá ọmọ tuntun jiyàn?

Wọ́n wá sun igbó. Ọdọọdún ni wọ́n ń sun ún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, ní Odomèta títí dé ìhà Adakplamè, gbogbo eku oko á sì máa wá ilé tí yóò wọ̀. Tẹ́lẹ̀, n kò rántí pé a mọ̀ wọ́n lára. Lọ́dún yẹn, a mọ̀ wọ́n. Kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lókè àjà, fìrì lẹ́yìn ìkòkò, gìrìgìrì nínú àká. Wọ́n jẹ ọṣẹ ìyá mi, wọ́n jẹ kànìnkànìn, wọ́n jẹ apá àga bàbá mi. Ìyá mi yá ológbò kan lọ́wọ́ aládùúgbò. Ológbò jẹ ẹja wa, ó sùn sórí ẹní, ó sì padà sílé rẹ̀ kí a tó jí. Bàbá mi fẹ́ ra oògùn eku, ìyá mi ní adìyẹ òun kò ní kú nítorí ẹnikẹ́ni. Wọ́n dẹ tàkúté, ó mú àtàǹpàkò bàbá mi. Mètìrì wọ ṣòkòtò wá sí ilé ẹ̀kọ́ tí eku ti jẹ etí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dé ojúgun, ó yí padà láti kọ nǹkan sára tábúlò, ẹnì kan lẹ́yìn ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Ajẹun àkọ́kọ́." A fi ìwé bo ẹnu. Mètìrì kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ó gbọ́. Kò sì sí ẹnì kan nínú ilé, àgbà tàbí ọmọdé, tó dárúkọ ẹyẹ yẹn. Ìyá àgbà máa ń dúró nísàlẹ̀ àká, á gbójú sókè, á rí irúgbìn rẹ̀ tó kọ́ nínú háhá, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó pé. Á ní, "Tòkè wà lókè." Á lọ.

Ọjọ́ tí òórùn òjò kọ́kọ́ dé, ó gun àká. Èmi àti ìyá mi dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n. Ó tú ìdì àkọ́kọ́, ó bó háhá. Ọmọ àgbàdo náà kún, hóró rẹ̀ tò bí eyín. Ó gbé e súnmọ́ ojú. Ó gbé e jìnnà. Ó tú òmíràn, ó tún tú òmíràn. Àwọn tó wà lápá ìta nìkan ni wọ́n jẹ kù díẹ̀. Ní ti ìyókù, eku ti gba ìsàlẹ̀ háhá wọlé, wọ́n ti jẹ ojú hóró kọ̀ọ̀kan, ibi kékeré tí èèhù ti ń yọ, wọ́n fi ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó dára láti lọ̀. Ó dára láti jẹ. Kò lè hù mọ́. Obìnrin tó ń bú ewé nítorí pé ó já bọ́, kò sọ̀rọ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, ó na ẹsẹ̀ bí ọmọdé. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyá, ẹ má dààmú. A máa ra irúgbìn ní Kétu. Wọ́n ti fi oògùn pa á láró pupa, eku kì í jẹ ẹ́."

"Yóò hù?"

"Yóò hù dáadáa."

"Ṣé mo lè mú nínú ọmọ rẹ̀ gbìn ní ọdún tó ń bọ̀?"

Bàbá mi họ orí. "Wọ́n ní kí a máa ra tuntun lọ́dọọdún."

"Ó dáa. Lọ ra tìrẹ. Èyí tí ìyá mi fún mi, ta ló ń tà á?"

Mètìrì ti ilé ẹ̀kọ́ dé bá wa bẹ́ẹ̀. Ó mú ọmọ àgbàdo kan, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó sì ṣe ohun tí àwọn olùkọ́ máa ń ṣe, wọn ò lè ṣe kí wọ́n má ṣe é. Ó ní, "Ojú hóró ni wọ́n ń jẹ, Ìyá, nítorí ibẹ̀ ni òróró rẹ̀ wà." Ìyá mi di ojú. Ìyá àgbà gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀.

"Mètìrì. Ọmọ yìí ní o kọ́ wọn nípa ilẹ̀ òtútù kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Òwìwí wà níbẹ̀?"

"Ó wà."

"Eku ló ń jẹ?"

Ó fọwọ́ ra ọrùn. "Eku ni, Ìyá."

"Ta ló ń lé e?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́..."

"Mo ní, ta ló ń lé e níbẹ̀?"

"Kò sí ẹni tó ń lé e."

"O mọ̀ ọ́n. O fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. O wá dúró nínú ilé mi, o ní oògùn ni. Ìwọ náà," ó yí sí bàbá mi, "o gbé ata wá bí ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀. Èmi náà, mo sọ ìgbálẹ̀ kalẹ̀, mo ń wò yín. Gbogbo wa!" Mètìrì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tó gún régé. Ó ní, "Ẹ̀rù ló bà mí, Ìyá. N kò rò pé ohun tó wà nínú ìwé yẹn dé ìhín." Mo ti gbọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́nu olùkọ́ láti ìgbà yẹn wá, n kò gbọ́ èyí tó jẹ́ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà pòṣé, òṣé náà gùn láti àká dé ìdí máńgòrò. Ó ní, "Ojú rẹ ṣì ríran ju tèmi lọ. Sún mọ́ ibí. Ṣà á."

A tẹ́ ẹní, a yọ hóró kúrò lára ọmọ àgbàdo, a sì bẹ̀rẹ̀ sí wá èyí tó ṣì ní ojú. Bàbá mi ṣà, ìyá mi ṣà, Mètìrì ká apá ẹ̀wù, ó ṣà. Gbogbo èyí tí a bá rí, Ìyá àgbà á tún fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á sì ju ìdajì rẹ̀ fún adìyẹ. "Èyí ńkọ́, Ìyá?" "Afọ́jú ni." "Èyí?" "Òun náà kò ríran, jù ú." Ọwọ́ ìyá mi ló yá jù. Kò gbé orí, ṣùgbọ́n èyí tó bá mú sílẹ̀ kì í padà sọ́dọ̀ adìyẹ. Nígbà tó yá, mo rí i pé Ìyá àgbà ti fa ẹní rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá mi. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ohun tó wà nínú igbá kò bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán. Ìyókù lọ sódó. A jẹ ẹ́ ní ọkà, ó dùn, ìyẹn tún bí wa nínú.

Kò gbé e lọ sóko. Ẹ̀yìn ilé ló gbìn ín sí, níbi tí ojú rẹ̀ tó. Ó gbé àpótí ìjókòó síbẹ̀ kí ojú tó mọ́, nítorí àparò mọ bí a ṣe ń hú hóró ju àgbẹ̀ lọ, ọ̀kẹ́rẹ́ náà mọ̀ ọ́n, ewúrẹ́ wa ń dúró de ewé. "Ṣé gbogbo ayé ló ń jẹ àgbàdo ni?" Ó ń kígbe, ó ń ju òkúta. Èmi á bá a ké kí n tó lọ sí fáńpù, Mètìrì á bá a ké kó tó wẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì wa tó ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá rí olùkọ́ wọn nínú aṣọ ìbora tó ń sáré tẹ̀lé àparò, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹ̀kọ́ ṣáájú rẹ̀. Mo ṣe ìdánwò mi láàárín ariwo yìí, mo yege, bàbá mi pa àkùkọ. Ìyá àgbà jẹ itan kan, ó padà sídìí àgbàdo.

Ó yọ ọmọ. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó yọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n sun ẹyọ kan, ó gbá mi lọ́wọ́. Nígbà tó gbẹ, ó jókòó níwájú yàrá rẹ̀, ó pín in. Ó pe ìyá mi. Ìyá mi wá, ó kúnlẹ̀, ó rò pé agbọ̀n ló fẹ́ kí òun gbé sókè. Ìyá àgbà gbé ìdì kan lé e lọ́wọ́. "Tìrẹ nìyí. Má kọ́ ọ sí ibi tí mo kọ́ tèmi. Má sì sọ ibi tó wà fún ọkọ rẹ." Ìyá mi ní, "Ẹ ṣé, Ìyá." Bí mo ti ń kọ èyí, mo mọ̀ pé ìdì yẹn wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ ju gbogbo aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ lọ.

Lásìkò yẹn ni wọ́n gbé Mètìrì padà sí ìhà Pobè, lọ́dọ̀ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Zémì tó máa gbé e ti dé, alùpùpù náà ń dún lẹ́nu ọ̀nà, báàgì rẹ̀ wà lórí àga. Ìyá àgbà jáde pẹ̀lú àkísà tí ó ta ní kókó.

"Gbà."

Ó tú u díẹ̀, ó rí hóró àgbàdo funfun níbẹ̀. "Èmi, Ìyá?"

"Ìwọ."

"Ẹ ò bínú sí mi mọ́?"

"Inú ń bí mi. Gbà á."

"Èmi kì í ṣe àgbẹ̀, Ìyá."

"Ta ló bi ọ́? Bí tèmi bá tún bàjẹ́, ó gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Ìwọ lo mọ bí ó ṣe ń bàjẹ́ jù lọ nínú gbogbo wa." Mètìrì dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di ẹni tó ń wa zémì mú, ó fi èkejì di àkísà náà mọ́ àyà, wọ́n sì lọ.

Nígbà tí òjò ti tún rọ̀, obìnrin kan tó ń ta ìkòkò láàárín Pobè àti Kétu yà sílé wa. Ó ní Mètìrì rí òun lọ́jà, ó sì ní kí òun sọ fún Ìyá pé àgbàdo náà ti hù, pé ó ti ga dé orúnkún, pé ọmọ rẹ̀ ti ń rá lọ síbẹ̀ láti fa ewé rẹ̀. Ìyá mi pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà ń pa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò gbé orí sókè.

"Ọjà lo ti rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Bí ó bá wà lọ́jà tó ń rán ọ níṣẹ́," ó ní, "ta ló wá ń ṣọ́ àgbàdo náà?"